Irọ́ Tí Mo Fi Sí Àfáà Lẹ́nu Nítorí Bẹ́ńsì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, mo ti dìde, mo ti jáde, mo tún ti padà wá jókòó. Mo parọ́ mọ́ bàbá arúgbó kan. Irọ́ náà ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ohun tó ti sọ bàbá náà dà.

Iṣẹ́ kọ́ńtírátọ̀ ni mo ń ṣe ní Ọ̀tà. Bí iléeṣẹ́ bá nílò àwọn tí yóò kó ẹrù tàbí tí yóò dúró ti ẹ̀rọ, èmi ni mo máa ń bá wọn wá òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá mọ agbègbè iléeṣẹ́ wa yóò mọ̀ pé mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí ní geeti kí wọ́n tó kí èèyàn. Kòròlá mi ti di àgbà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń ní kí n páàkì síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, kí n fẹsẹ̀ rìn wọlé. Ó ń dùn mí. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dùn mí gan-an ni.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò ní Sango fi méjì hàn mí: jíìpù Lẹ́súsì kan, àti Bẹ́ńsì dúdú kan. Kì í ṣe pé màá rà á pátápátá. Háyà ni. Màá máa san owó lóṣooṣù, mọ́tò á wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tiwọn ṣì ni, bí mo bá ti já owó, wọ́n á gbé e. Ohun tí mo ń rí á gbé Lẹ́súsì, á sì ṣẹ́kù. Owó oṣù Bẹ́ńsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Mo mọ ìṣirò yẹn dáadáa. Àmọ́ mo ti jókòó nínú Bẹ́ńsì náà. Mo ti ilẹ̀kùn, gbogbo ariwo títì dákẹ́, ojú mi sì wọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá mi," ọkùnrin náà wí, "Lẹ́súsì dáa o, àmọ́ Bẹ́ńsì yìí, na big man motor. Ẹ ò tíì tẹ họ́ọ̀nù tí wọ́n á fi ṣí geeti."

Wọ́n ní kí n mú ohun ìdógò wá. Kò sí ohun tí a ní ju ilẹ̀ tí bàbá ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún un ní Itele. Ìyàwó mi kì í fi ilẹ̀ yẹn ṣeré. Ó ronú títí, ó wá ní, "Bàbá Ràhímá, èmi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ẹ lọ bá Àfáà, kí wọ́n bá wa ṣe ìsítíkáárà. Èyí tí wọ́n bá ní kí ẹ mú, mo fọwọ́ sí i."

Ìsítíkáárà ni àdúrà tí àwa Mùsùlùmí fi ń bi Ọlọ́run pé èwo ló dára nínú ohun méjì. Ó yẹ kí èèyàn ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé e fún àfáà. Àfáà wa ní Joju ló so wá ní yìgì, àwọn ló sọ àwọn ọmọ wa lórúkọ, ọ̀dọ̀ wọn náà ni àwọn ọmọ ti kọ́ kéwú. Ohun tí bàbá yìí bá ti sọ, ìyàwó mi kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo lọ gbọ́ èsì lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ọkàn mi ò balẹ̀ sí ti Bẹ́ńsì yẹn rárá. Mú èyí tí owó rẹ̀ kéré. Tó o bá sì lè ní sùúrù, máa lo tọwọ́ rẹ ná." Mo dúpẹ́, mo fún wọn ní sàráà, mo jáde.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé ẹnu mi ló ṣì sọ. Rárá. Láti Joju títí dé ilé wa ní Ijoko ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ. Ìyàwó mi ò tíì jẹ́ kí n bọ́ bàtà tó fi béèrè. Mo ní, "Àfáà ní Bẹ́ńsì ni. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ni àwọn rí lára rẹ̀." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ̀yin náà: mo gbádùn mọ́tò yẹn. Àwọn máníjà tí kì í dá mi lóhùn ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù bá ti ń parí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ tí mo gbójú lé jù bẹ̀rẹ̀ sí í dín òṣìṣẹ́ kù, nítorí pé epo dísù tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti wọ́n jù. Mo san díẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo tún san díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n wá gbé mọ́tò wọn lójú gbogbo àdúgbò, ilẹ̀ Itele sì bá gbèsè lọ. Ká ní Lẹ́súsì ni mo mú, màá ṣì rí i san.

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Àfáà ló ń bínú sí. "Ìmọ́lẹ̀ wo ni wọ́n rí?" ló ń wí káàkiri. Ó sọ ọ́ ní àsàlátù, ìpàdé àdúrà wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e délé, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn kúrò nílé kéwú bàbá. Wọ́n ní àfáà tó ń ríran irọ́ ni. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ṣe ni mo máa ń dìde bíi pé ẹnì kan ń pè mí lórí fóònù. Bí mo bá rí bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, màá gba ọ̀nà mìíràn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì bá mi. Bàbá olóbàbá ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, bàbá wá sílé wa. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ lójú ìyàwó mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí n lè sinmi. Ìyàwó mi kí wọn ṣákálá, ó wọ yàrá lọ.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, mo ti ronú títí. Ohun tí mo rántí ni pé mo ní kó o má mú Bẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n ogbó ti dé, mo ti ń gbàgbé nǹkan. Lórí ìrun pàápàá, mo máa ń gbàgbé iye òpó ìrun tí mo ti kí. Bí ìwọ bá jíṣẹ́ fún ìyàwó rẹ pé bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, á jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í sọ. Ẹ dárí jì mí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdúrà bẹ́ẹ̀ mọ́."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Ilẹ̀kùn yàrá ò tì, bí mo bá sọ òtítọ́, ìyàwó mi máa gbọ́. Mo gbá ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àfáà. Mo ti dárí jì yín."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi! Wọ́n sì ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí mo bá jẹ́wọ́, ìyàwó mi lè kó ẹrù rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi. Bí mo bá dákẹ́, bàbá á kú pẹ̀lú èrò pé orí àwọn ti dàrú. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni bàbá fẹ́ dìde níwájú gbogbo ìjọ, láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi.