Tíṣà Tó Lọ Dá Gbé Lẹ́yìn Odò Nítorí Ìwé Amẹ́ríkà

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo bá ń rìn tí ilẹ̀ ń dún, mo ti mọ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àtijọ́ tí ìwọ Mọrẹ́nikẹ́ ń tìtorí wọn gbé fóònù sí mi lẹ́nu yìí. O rò pé yunifásítì nìkan ni wọ́n ti ń mọ̀ wọ́n? Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ wọ́n. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gba ọkọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Gbé e súnmọ́ mi dáadáa. Ṣé ó ti ń gbọ́? Ó dáa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ máa gbọ́ ọ ní kíláàsì, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà Mọrẹ́nikẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Tíṣà ni. Nígbà náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé ìjọ kan ní Abẹ́òkúta yìí, èmi sì ń ránṣọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá mi ní àdúgbò Kemta. Ó gbé ṣòkòtò wá pé kí n bá òun gé e kúrú. Mo gé e. Ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, tí mo yẹ ṣòkòtò náà wò tí kò ní àléébù kankan, mo mọ̀ pé kì í ṣe ṣòkòtò ló ń dà á láàmú. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi. Wọ́n gbé ìdána wá: iṣu, oyin, orógbó, Bíbélì, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ku ìgbéyàwó.

Àfi ìgbà tí ìwé dé…

Láti òkè òkun ni ìwé náà ti wá, ó nípọn bíi búrẹ́dì. Àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Tíṣà á wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ránṣọ, á máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ àti ìjìyà ni wọ́n ń kọ, igbó sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó ní lẹ́yìn wọn làwọn kan dé tí wọ́n fẹ́ràn ilé àlàpà, iwin, àti obìnrin arẹwà tó ti kú. Mo ní, "Àwa tá a wà láàyè ńkọ́, wọn ò rí wa?" Ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ó ní àwọn tó wá ta gbogbo wọn yọ ni àwọn tó sọ pé Ọlọ́run wà nínú ewé, ó wà nínú odò, ó wà nínú ọkàn ènìyàn fúnra rẹ̀, pé ìlú ló ń ba ọmọ ènìyàn jẹ́. Kí èèyàn má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Kó gbọ́ ti ọkàn ara rẹ̀. Kó lọ sínú igbó, kó dá gbé, ibẹ̀ ni yóò ti mọ òtítọ́.

Mo ní, "Ta ló ń se oúnjẹ fún wọn?"

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ọkàn là ń sọ."

Mo ní, "Mo gbọ́. Ọkàn náà, kí ló ń jẹ?"

Ẹ gbọ́, ẹ má rò pé igbó ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni nínú wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà náà tí kò ní abúlé? Ilé wa wà nílùú, oko wa wà lábúlé. Bàbá mi á lo ọ̀sẹ̀ méjì lóko, á wálé wá sìnkú, á wálé wá ṣọdún, á tún padà. Ó ń gbọ́ ohùn ẹyẹ, ó ń rí ìrì lórí ewé, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí àwọn òyìnbó yẹn ń pè ní ìjìnlẹ̀, àwa ń pè é ní ọjọ́ Ajé.

Àmọ́ lábúlé, ẹnikẹ́ni kì í dá gbé. Ilé kan ń wo ojú ilé kejì. O ò tíì fọ ẹnu tán tí èèyàn mẹ́fà ti kí ọ kú àárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ́ ahéré fún lọ́tọ̀, lẹ́yìn odò, níbi tí ẹsẹ̀ ò pọ̀ sí. Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ bá mú ni. Nígbà náà, oògùn rẹ̀ ò sún mọ́ wa bíi ti òde òní. Wọn á gbé onítọ̀hún lọ síbẹ̀, wọn á máa gbé oúnjẹ sí oríta fún un, wọn á pàtẹ́wọ́ kó lè gbọ́, wọn á sì yí padà kó tó yọ. Kò sí ọmọ abúlé tí kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìlú ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, inú ilé tí pátákó ti bo ilẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ó ní òun ń lọ. Ó ra àdá. Ó ra fìtílà. Ó di ìwé náà sínú àpò, ó wọ lọ́rì lọ sí Ìtòrì, ó sì gba ibẹ̀ wọ abúlé kan tí ẹbí ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ sí. Ó lọ bá baálé. Ó ní òun ń wá ibi tí òun á ti dá gbé, tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa wá sọ́dọ̀ òun. Baálé wò ó títí.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi?"

Tíṣà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Baálé mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ahéré tó wà lẹ́yìn odò hàn án.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Òun ò rí i.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ìròyìn fi dé Kemta. Obìnrin tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá tà ládùúgbò wa ló mú un wá. Ọjọ́rú ni. Bàbá mi pè mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, jókòó. Ọkùnrin yẹn ò lọ kàwé. Àìsàn ńlá ló mú un, ojú ló ń tì í." Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Ta ni ara rẹ̀ dá tí í lọ gbé ẹ̀yìn odò?" Kí ni mo fẹ́ wí? Pé òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ló rán an níṣẹ́? Bàbá mi ní tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn á dá ìdána padà. Ìyá mi ń sunkún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, níwọ̀n ìgbà tí onítọ̀hún ò ti sí láyé mọ́ láti fi gbéra ga. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Kò lè kan ìṣó, ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo lè rán apá ẹ̀wù mọ́ ibi tó yẹ kí ọrùn wà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n dá iṣu kankan padà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ní mò ń lọ ra òwú. Mo wọ lọ́rì. Mo dé abúlé náà, mo béèrè Tíṣà. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó nawọ́ sí ọ̀nà odò. Ó ní, "Má ṣe ju oríta lọ o, ọmọ mi. Ahéré yẹn ni ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kú sí." Mo dé oríta, mo bá igbá ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja níbẹ̀, èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Mo gbé e, mo kọjá.

Níwájú ahéré ni mo ti bá a, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ìwé wà lórí itan. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wo àwọn èèyàn abúlé yìí. Wọn ò kàwé, àmọ́ wọ́n lóye ju àwa ará ìlú lọ. Wọ́n mọ̀ pé èèyàn nílò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wọn á gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọn á lọ jẹ́ẹ́. Wọn ò tilẹ̀ ń dúró gba ọpẹ́." Ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó kà á sí mi létí: ojú ewé méje, lórí bí òun ò ṣe gbára lé ẹnikẹ́ni. Igbá ẹ̀bà wà lọ́wọ́ mi.

Mo ní kó jẹun ná. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Mo wá ní, "Tíṣà, wọ́n ní adẹ́tẹ̀ ni yín."

Ó rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Oúnjẹ adẹ́tẹ̀ lẹ ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ahéré adẹ́tẹ̀ lẹ jókòó sí. Bàbá mi ń dá ìdána padà lọ́túnla."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo igbá. Ó wo ọ̀nà oríta.

"Wọ́n rò pé mo lè kó àìsàn ràn wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n sì ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́."

"Lójoojúmọ́."

Ẹ máa rò pé ó dìde? Kò dìde. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ara òun pé òun á lo oṣù méjì. Ó ní ẹni tó bá ti mọ òtítọ́ ò gbọdọ̀ tìtorí ohun tí èèyàn ń sọ yẹ ẹsẹ̀. Ó ní bóyá kí n kó wá síbẹ̀, kí a jọ dá gbé.

Mo ní, "Kí a jọ dá gbé báwo? Tíṣà, ìwé lẹ fẹ́ ni àbí èmi? Tó bá jẹ́ ìwé, ẹ dúró tì í. Tó bá jẹ́ èmi, ẹ dìde ká lọ sáàárín abúlé, kí wọ́n yẹ ara yín wò."

Mo yí padà, mo ń lọ. Mi ò wẹ̀yìn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá odò kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àyà mi ti já tán pátápátá, àmọ́ mi ò jẹ́ kó mọ̀, títí tó fi kú.

Nígbà tá a dé àárín abúlé, kálukú ń sún sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ fún baálé, mo ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n pe ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀, ẹni tó mọ àìsàn náà. Ìyá dé, ó ní kí Tíṣà bọ́ ẹ̀wù. Tíṣà ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí èèyàn rí bí igi inú igbó, kò fẹ́ bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì lójú àwọn arúgbó.

Mo ní, "Tíṣà, igi kì í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì."

Ó bọ́ ọ. Kí la rí? Làpálàpá, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, léjìká ọ̀tún. Àwọn èèyàn kùn. Ìyá ní kí wọ́n fún òun lábẹ́rẹ́. Aránṣọ ni mí, abẹ́rẹ́ wà lọ́rùn bùbá mi, mo yọ ọ́ fún un. Ìyá ní kó dijú. Ó ní, "Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà lára kì í mọ ìrora." Ó gún un.

Tíṣà kígbe. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kígbe.

Ìyá dá abẹ́rẹ́ mi padà. Ó ní, "Làpálàpá lásán ni. Ẹ wá ọṣẹ fún un. Kí lo wá ń ṣe lẹ́yìn odò, ọmọ mi?"

Tíṣà ní, "Mò ń ronú ni, mà."

Ìyá ní, "Ṣé wọn ò gbà yín láyè láti máa ronú nílùú ni?"

Ẹ̀rín sọ lábúlé. Ṣùgbọ́n Tíṣà ò bínú. Ó béèrè pé àwọn wo ló ń se oúnjẹ. Obìnrin mẹ́ta yọ jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú eruku, láìwọ ẹ̀wù.

Baálé fúnra rẹ̀ bá wa dé Kemta. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ni, torí a ò rí lọ́rì wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì; iṣu ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ń pe ẹni tó máa rù ú. Baálé sọ gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó kọjú sí Tíṣà.

"Kí lo lọ wá níbẹ̀?"

"Mo lọ wá ibi tí mi ò ti ní nílò ẹnikẹ́ni, sà."

"Ṣé o rí i?"

"Rárá, sà."

Bàbá mi ní kí wọ́n gbé iṣu wọlé.

Nítorí náà, Mọrẹ́nikẹ́, kọ ọ́ fún wọn níléèwé yín. Kọ ọ́ pé àwọn bàbá Amẹ́ríkà yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ, ìyá àgbà rẹ ò bá wọn jiyàn. Kí o wá bá mi yẹ ìwé wọn wò bóyá wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń fọ aṣọ wọn síbẹ̀. Hùn… àti pé ẹ̀yin gan-an, ẹ ti wá ń ṣe tiwọn láìwọ igbó. Kálukú nínú yàrá rẹ̀, ẹ ní ẹ̀ ń wá ara yín. Àwọn ará abúlé yẹn rò pé ẹ̀tẹ̀ ń bá ọkùnrin kan jà, wọn ò sì fi ebi pa á. Lóde òní, èèyàn lè tilẹ̀kùn mọ́rí ní Kemta yìí fún odidi oṣù kan, kí ara rẹ̀ dá ṣáká, kó má sì sí ẹni tó máa kanlẹ̀kùn.