Kò Sí Òkú Kankan Lábẹ́ Yàrá Ẹ̀yìn Ilé Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Irọ́ kan wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí àkọ́bí mi, Tóyìn, ṣì wà nílé ìwé. Irọ́ nípa òkú ni. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Ìyàwó mi ti kú báyìí. Ó ku èmi nìkan.

Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń kọ ọ́. Mo ti sin ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé, kí ló tún kù tó lè bà mí lẹ́rù? Aládùúgbò mi, Alhaji Mùfútáù, ló fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun. Tí n kò bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, á pàdánù nínú ilẹ̀ tó fowó ara rẹ̀ rà, nítorí irọ́ mi.

Ìkòsí ni ilé mi wà, lẹ́yìn Kétu. Ọmọ Ìlárò ni mí. Pákó ni mo tà títí mo fi darúgbó. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, torí náà ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

Nígbà tí mo kọ́lé, mo fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ògiri mi àti fẹ́ǹsì Alhaji, bí òfin ṣe sọ. Fẹ́ǹsì náà kò ga. Àlàfo yẹn ni atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà dé fèrèsé ìyá rẹ̀, Màmá Sìnọ́tù. Ìdí fèrèsé yẹn ni màmá máa ń jókòó sí tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà.

Ojúkòkòrò mú mi. Mo pe Jímọ̀ bíríkìlà pé kó bá mi fa yàrá kan yọ, kó gbé e dé ìdí fẹ́ǹsì. Kì í ṣe pé a kò ríbi sùn. Mo fẹ́ fi háyà ni. Jímọ̀ ní, "Bàbá Tóyìn, àlàfo tí ìjọba ní ká fi sílẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ṣé àlàfo ló máa bá mi san owó ilé ìwé ni.

A ti kan òrùlé sí i kí àwọn ará ọ́fíìsì ilé kíkọ́ tó dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Dípò ló ṣáájú wọn, ọmọ oníwà pẹ̀lẹ́ kan báyìí. Ó ní kí n wó o, tàbí kí n wá sí ọ́fíìsì wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda fún mi. Ó ní wọ́n lè yọ̀ǹda tí ìdí gidi bá wà, tí ẹni tí a jọ pààlà bá sì wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò ni òun lára.

Mo lọ bá Alhaji. Ó kọ̀. Kò bínú. Ó kàn ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ wo ìyá mi. Ṣé inú òkùnkùn ni kí n máa fi wọ́n sí?" Mo tún padà lọ, ó tún kọ̀.

Ìgbà kẹta ni ẹnu mi là. Mo ní, "Alhaji, mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Bàbá mi ló wà lábẹ́ ibẹ̀." Mo ní a ti sin wọ́n síbẹ̀ kí òun tó ra ilẹ̀ tirẹ̀. Mo ní mo kọ́ yàrá bò wọ́n kí òjò má baà máa pa wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlárò ni bàbá mi wà. Lójú mi ni wọ́n ṣe da erùpẹ̀ bò wọ́n.

Alhaji ṣí fìlà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ọmọ Yorùbá tó máa ní kí èèyàn wó ilé lórí òkú baba rẹ̀. Ó tẹ̀lé mi dé ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Dípò bi í bóyá mo fipá mú un wá ni. Alhaji ní, "Bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Bàbá tiwa náà ni." Wọ́n yọ̀ǹda fún mi. Mo fi ọ̀dà funfun pa X rẹ́, mo yọ̀.

Ìyá Tóyìn kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Ẹ ti pa bàbá yín lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ wá wo èrè rẹ̀. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Fẹ́mi ló kọ́kọ́ gba yàrá náà. Alhaji pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ máa rọra tẹlẹ̀ o, àgbà ń sùn nísàlẹ̀." Kíá ni Fẹ́mi wá bá mi. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó mi padà. Mi ò lè ní lándíláàdì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nílẹ̀." Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó háyà rẹ̀ mọ́.

Alhaji ní tirẹ̀ kò gbàgbé òkú tí kò sí. Tí àwọn ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ má gbá a mọ́ bàbá lórí." Tí ààwẹ̀ bá dé, á gbé sàárà wá ní orúkọ bàbá mi. Mo jẹ ẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Màmá Sìnọ́tù ní tiwọn, iná ni wọ́n ń tàn sí yàrá wọn lọ́sàn-án gangan títí wọ́n fi kú.

Nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí Ìyá Tóyìn lè gun àtẹ̀gùn mọ́, yàrá yẹn la gbé e sí. Ibẹ̀ ló ṣàìsàn sí, ibẹ̀ ló kú sí. Kó tó lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ má sin mí síbí o. Ẹ ò ní fi òkú mi tún irọ́ yín ṣe. Ẹ lọ bá Alhaji." Mo ṣèlérí fún un pé màá lọ sọ òótọ́.

Ìlárò la sin ín sí. Alhaji bá wa lọ. Ó bi mí nínú mọ́tò pé kí ló dé tí a kò sin ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kò gbà. Irọ́ mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé nìyí. Nígbà tí a dé ìdí sàréè, ibi tí Alhaji lọ dúró sí, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi gan-an ni. Orúkọ wọn wà lára òkúta. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo fi agbádá mi bò ó. Nígbà tí wọ́n ń sọ Dọ́káàsì, ìyàwó mi, kalẹ̀ sínú ilẹ̀, èmi ò wò ó. Òkúta ni mò ń ṣọ́. Alhaji rò pé ẹkún ló gbé mi débẹ̀, ó fọwọ́ gbá mi mọ́ra.

A padà dé. Kò pẹ́, mo gbọ́ òun àti ọmọ rẹ̀, Mùbáráàkù, lẹ́yìn fẹ́ǹsì, wọ́n ń fi okùn wọn ilẹ̀. Mùbáráàkù ní, "Dádì, ẹ ti fi àlàfo tí òfin ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sílẹ̀. Kí lẹ tún ń sún wọlé fún? Ilẹ̀ yẹn á gba ṣọ́ọ̀bù." Alhaji ní, "Ṣé kí n wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ mọ́ bàbá ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ ni? Fà á sẹ́yìn." Ọmọ náà sì fà á sẹ́yìn.

Màá sọ fún un. Ẹ má bá mi jiyàn lórí ìyẹn, mo ti ṣèlérí. Ibi tí ọgbọ́n mi pin sí nìyí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín.

Tí mo bá kọ́kọ́ sọ, mo mọ Alhaji. Á dárí jì mí lójú ẹsẹ̀. Á ní kí n má wó yàrá tí ìyàwó mi kú sí. Èmi náà á sì gbà, torí pé mi ò fẹ́ wó o. Mo tún ti gba ilẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, lọ́tẹ̀ yìí, àánú rẹ̀ ni mo fi gbà á. Tí mo bá sì kọ́kọ́ wó o, òun fúnra rẹ̀ ló máa sáré wá dúró síwájú ògiri, tí á máa bẹ̀ mí kí n fi bàbá mi sílẹ̀ kí wọ́n sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gbẹ́lẹ̀. Lówùúrọ̀ yìí, mo gbé bẹ́ẹ̀dì Ìyá Tóyìn jáde kúrò nínú yàrá náà.