Kóòtù Funfun Tí Kò Lábàwọ́n

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú bọ́ọ̀sì Dùgbẹ̀. Ìyá aláró kan ń yẹ kóòtù tí ọmọ rẹ̀ fi ń kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì wò.

"Àkànní, wo èékánná mi bó ṣe dúdú. Àbí ásíìdì tìrẹ ń bọ̀wọ̀ fún aṣọ funfun ni?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni, màámi."

"Irọ́!"

Ọmọ náà tẹrí ba. "Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti wọ láàbù gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú kẹ́mísìrì, ilé ló ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Aró mi àkọ́kọ́ bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò sá fún ìkòkò."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má sá fún ìkòkò.