Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Méjì

Mo ń dúró de fóònù mi lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe ní Savè, ní ilẹ̀ Benin, nígbà tí obìnrin kan tó máa ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wọlé, tó gbé àpò ìwé kékeré kan ka orí tábìlì.

"Ìyá mi, èwo lẹ mú nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, CPU, méjèèjì tí mo fún yín?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Ìwọ lo ní ọ̀kan wọ́n ju èkejì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó wọ́n ló máa jẹ́ kí géèmù àwọn ọmọ yín yá dáadáa. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ ilé-ìwé àti fíìmù, pẹ̀lú géèmù díẹ̀, èkejì ti tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú méjèèjì lọ fi han bàbá àwọn ọmọ."

"Bàbá wọn wò wọ́n títí, kò rí ìyàtọ̀. Mo wá ṣe é bí a ṣe ń ṣe kajú."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe kajú?"

"A kì í ra kajú láì là á wò."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka òfin. Ọkùnrin náà ṣí àpò náà, ó yọjú wo inú rẹ̀.

"Ẹ ti là á!"

"Ọ̀bẹ ni mo fi là á. Ìdérí rẹ̀ le ju èèpo kajú lọ."

"Èwo lẹ là nínú méjèèjì?"

"Ṣé a lè la ẹyọ kan ká fi mọ èyí tó dáa? Méjèèjì ni." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, wọ́n ti rẹ́ ọ jẹ. Inú wọn ò yàtọ̀ síra."