Mudu Ẹ̀lùbọ́ Ìyá Ramatu

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ní Lọ́kọ́ja níbí, ta ló ń fi gíráàmù dáná? Mudu ni, abọ́ tí a fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà. Àdúgbò Ganaja tí kẹ̀kẹ́ ò jẹ́ ká ráyè kọjá lónìí, igbó ni nígbà yẹn... Dúpẹ́ ọmọ mi, fi fóònù yẹn sílẹ̀. Kéèkì rẹ tó le bí sìmẹ́ǹtì yìí ló rán mi létí. O ní ife fúláwà méjì ni wọ́n sọ lórí fóònù, méjì náà lo bù. Mo gbà. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe bù ú?

Ẹ gbọ́. Àwa obìnrin àdúgbò ní ẹgbẹ́ kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ náwó, kálukú á mú mudu ẹ̀lùbọ́ kan wá. Ó wá kan ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ ọ́ dáadáa o, mi ò fẹ́ kókó nínú ọkà mi."

Ta ló jọ̀ ọ́? Ìyá Ramatu nìkan, ìyàwó àgbẹ̀ kan, ará Ọ̀wọ́rọ̀. Ó jọ̀ ọ́ tán kó tó wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ẹgbẹ́ ń gbé àpò kọ̀ọ̀kan wò lọ́wọ́. Ó kan ti Ìyá Ramatu, ó dúró. "Èyí fúyẹ́!" Ó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ọkùnrin Ebira tó ń ra kaṣú lẹ́nu ọ̀nà wa. Lóòótọ́, ti àwọn yòókù wúwo jù ú lọ.

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Ó rẹ́ wa jẹ! Kó kúrò lẹ́gbẹ́!"

Ìyá Ramatu ní, "Mudu mi kún. Ọlọ́run rí mi." Omi ti lé sójú rẹ̀. Ẹ̀lùbọ́ ló ń tà jẹun, ẹ gbọ́... ẹni tí wọ́n bá pè ní olè, ta ni yóò tún rajà lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo kọjú sí Ìyá Bùnmi, ẹni tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ tiyín náà, mà."

"Ìyàwó àná! Ta ló bi ọ́ léèrè?"

Mo da ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ sínú asẹ́. Mo jọ̀ ọ́ sórí àtẹ lójú gbogbo wọn. Mo fi mudu tí Ìyá Ramatu fi wọn tirẹ̀ bù ú. Mudu kún, ẹ̀lùbọ́ ṣì kù lórí àtẹ! A gbé èyí tó wà nínú mudu sórí òṣùwọ̀n. Bákan náà ló rí pẹ̀lú ti Ìyá Ramatu.

Ọkùnrin kaṣú bú sẹ́rìn-ín: "Scale no dey lie. Na una mouth." Ó ní òṣùwọ̀n kì í purọ́, ẹnu wa ló ń purọ́.

Afẹ́fẹ́ máa ń wọnú ohun tí a bá jọ̀, ó máa ń wú. Mudu ń sọ àyè tí nǹkan gbà. Kílò ń sọ bó ṣe wúwo. Mudu ìrẹsì ha lè dọ́gba pẹ̀lú mudu gàrí lórí òṣùwọ̀n? Kò lè ṣeé ṣe! O ní láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí o sì mọ bí wọ́n ṣe bù ú.

Ìyá Ẹgbẹ́ rọra ní, "Ìyá Ramatu, òkun o, pẹ̀lẹ́. Má bínú."

Ìyá Ramatu nu ojú. "Ẹni tó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lẹ fẹ́ lé."



Dúpẹ́, fúláwà tí o fi ọwọ́ kì mọ́nú ife, ó ti ju ife méjì lọ. Lọ jọ̀ ọ́, má kì í. Àti ẹ̀yin yòókù... láyé ìsinsìnyí, òṣùwọ̀n wà nínú ilé ìdáná yín, síbẹ̀ orí fóònù lẹ ti ń pe ènìyàn lólè kí ẹnikẹ́ni tó gbé asẹ́. Hmm. Ẹ máa kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe bù ú.