Ìkòkò Kì Í Bọ̀ Lófìfo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́nnu díẹ̀ kí ẹ tó gbà á lẹ́nu mi. Ní gbogbo àárín ìgboro yìí, nígbà tí àárín ìgboro ṣì jẹ́ àárín ìgboro, kò sí ọkùnrin tó mọ ọbẹ̀ sè tó èmi Ọ̀gá Síbí. Síbí ni wọ́n fi ń pè mí nítorí síbí kan kì í kúrò nínú àpò àyà mi. Mo gbé e lọ síbi ìsìnkú, mo gbé e lọ sí bánkì, àní nínú fọ́tò ìgbéyàwó mi, síbí yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ìyàwó. Ìwé ìròyìn ìlú kọ ọ́ pé ọbẹ̀ mi kò lẹ́gbẹ́, mo sì gbé ìwé náà kọ́ sára ògiri títí tó fi pọ́n bí eyín arúgbó. Ó dáa, ìfọ́nnu ti parí. Òtítọ́ ló kù, ó sì ti di ọdún mọ́kànlélógójì tó ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Dókítà ní ọkàn mi ń lù bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí èèyàn nínú ẹ̀. Ẹni tí irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wà láyà rẹ̀ kì í fi ìjẹ́wọ́ dọ̀la.

Ilé ìkàwé ìlú ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ. Obìnrin tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ní òun fẹ́ kó ìrántí àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ jọ, kí àwa tí a jẹun níbẹ̀ tó tán nílẹ̀. Àwọn èèyàn sì ń rántí. Wọ́n rántí ilé tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀, tí wọ́n kan àga mọ́lẹ̀ nítorí pé ẹni tó ni ín kò gbọ́kàn lé ọmọ aráyé. Wọ́n rántí èyí tí wọ́n fi dígí ṣe àjà rẹ̀, tí o lè fi rí ẹran inú abọ́ aládùúgbò rẹ láìyí ọrùn. Gbogbo wọn ti lọ. Ọ̀kan ti di bánkì, ọ̀kan ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí, tèmi ti di ṣọ́ọ̀bù fóònù. Alákòóso ilé ìkàwé wá pè mí, ó ní àwọn fẹ́ kan pátákó ìrántí mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún mi: “Níhìn-ín ni Ọ̀gá Síbí ti se ọbẹ̀ tí ìlú yìí kò lè gbàgbé.” Mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tó fi kún un pé, “Bàbá, inú yín máa dùn, a ti rí ẹni tó máa ṣí aṣọ lójú pátákó. Ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e bọ̀ látọ̀nà jíjìn. Aládùúgbò yín àtijọ́ ni, Ìyá Ṣókí.” Ẹ̀rín kú sí mi lẹ́nu. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi lè jẹun kánú, èmi tí oúnjẹ fi ṣe orúkọ.

Ta ni Ìyá Ṣókí? Opó kan ni, ó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣókí sì ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn máa fi wákàtí kan rò, òun á fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ ọ́, á sì tún fẹ́ gba ọ̀kan padà. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ni tèmi àti tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí onílé tó fi ògiri là á sí méjì. Ó gbàgbé láti dí fèrèsé kékeré kan tó wà láàárín ilé ìdáná méjèèjì, ibẹ̀ la sì ń gbà yá ara wa ní iyọ̀, alùbọ́sà àti ìkòkò tí èrò bá pọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yá ìkòkò mi, ó dá a padà ní mímọ́ tónítóní. Mo fi ṣàwàdà, mo ní, “Ìyá, wọn kì í dá ìkòkò padà lófìfo o.” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa.” Nígbà tó tún yá òmíràn, tó sì tì í gba ojú fèrèsé padà nírọ̀lẹ́, nǹkan wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Mo yọ síbí. Mo bu ẹ̀ẹ̀kan. Mo bu ẹ̀ẹ̀kejì, mo jókòó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ló wà nínú ọbẹ̀ yẹn? Ìbéèrè tó sọ mí di olè nìyẹn. Mo bá ata níbẹ̀, mo bá alùbọ́sà, mo bá egungun ẹran; ẹja gbígbẹ ń kí mi, ẹ̀wà ń jùwọ́ sí mi lókèèrè, ohun kan tó jó díẹ̀ sì wà lábẹ́ gbogbo wọn tí ahọ́n mi ò lè dárúkọ. Báwo ni orí èèyàn ṣe ń pé tó láti ronú kan ẹja, ẹran àti ẹ̀wà pọ̀ nínú ọbẹ̀ kan ṣoṣo? Mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Mo máa ń gbétí sí ògiri nírọ̀lẹ́, màá sì gbọ́ bó ṣe ń ha nǹkan, krà, krà, krà, kí ìkòkò mi tó yọjú. Mo ní èròjà àṣírí ló ń lọ̀. Mo bi í léèrè: “Ìyá, kí lẹ fi sínú rẹ̀ gan-an?” Ó ní, “Kò sí nǹkan.” Mo pè é ní ahun nínú ọkàn mi. Ìyàwó mi wò mí níbi tí mo ti ń fi ìka nu ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ní, “Bàbá, ẹni tó ń jẹ ìyókù ìkòkò ẹlòmíràn, kí là ń pè é?” Mo ní, “Olùwádìí.”

Ibi tí ìwádìí ti di iṣẹ́ ibi nìyí. Lọ́jọ́ kan, mo da ìyókù yẹn sínú ìkòkò ọbẹ̀ tèmi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi gbé abọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, “Ọ̀gá, kí lẹ ṣe? Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó ń ṣe mí bíi kí n lá abọ́ lójú èrò.” Ó sì lá a. Lọ́sẹ̀ kejì, ìlà àwọn oníbàárà mi ti gùn dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣókí, ó ń dí àwọn tirẹ̀ lọ́nà. Ìṣòro kan ló wà, kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń yá ìkòkò. Obìnrin tó ní ìkòkò mẹ́fà, kí ni ó fẹ́ máa yá? Mo ro ó, mo tún un rò, mo wá lọ mú ìṣó. Gbogbo ọ̀sán Ìṣẹ́gun ló máa ń lọ ra ata, ìkòkò rẹ̀ sì so rọ̀ sábẹ́ fèrèsé bí ẹni ń pè mí. Mo na apá, mo fi aṣọ wé òòlù, mo lu ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́ sí ìdí ọ̀kan. Ìyàwó mi ń fọ abọ́ kíkankíkan kí ariwo lè bo ariwo. “Abọ́ ni mò ń fọ̀,” ó ní, “mi ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe.” Ohun tó ṣì ń sọ títí dòní nìyẹn.

Bí ìkòkò rẹ̀ bá ti jò, á gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin, á sì yá tèmi. Ajórin yìí, àpọ́n ni, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ́ Ìyá Ṣókí. Ìkòkò ló fi ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Tó bá dí ihò tán, á dán ìdí ìkòkò títí wàá fi lè rí ojú rẹ nínú rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn látojú fèrèsé.

“Ó tún ń jò,” Ìyá Ṣókí á ní.

“Kì í ṣe ibi tí mo jó ló ń jò. Ibòmíràn ni.”

“Ìkòkò ló ń lu ara rẹ̀?”

“Èmi náà ń rò ó.”

“Àbí ẹ ń wá ohun tí ẹ máa fi máa wá sọ́dọ̀ mi?”

“Tó bá wù mí láti wá, mo lè wá láìgbé irin dání.”

Mo bo ẹnu mi kí ẹ̀rín má baà tú mi fó. Ẹ ò rí èèyàn burúkú? Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lu ihò, tí mo sì ń gbádùn ìfẹ́ àwọn ẹni ẹlẹ́ni bí eré orí ìtàgé. Nígbà tó yá, ajórin fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ìkòkò ńlá kan fún un, ọmọrí rẹ̀ dúró lé e bíi fìlà. Kò sọ pé “fẹ́ mi”. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní, “Èyí ò ní jò.” Ìyá Ṣókí dáhùn pé, “Tí kò bá jò, màá gbọ́ tiyín.” Ìlú gbọ́, gbogbo èèyàn ń retí.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni akọ̀ròyìn tó ń tọ́ oúnjẹ wò kiri ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní Ọjọ́rú, lọ́dọ̀ Ìyá Ṣókí lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀rù bà mí. Tó bá tọ́ ojúlówó wò ṣáájú, kì í ṣe pé á mọ ayédèrú? Lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun, mo lu ihò mẹ́ta sí ìdí ìkòkò ìfẹ́ yẹn, mo sì yọ́ àbẹ́là dí ojú wọn, kí omi má baà jò títí iná á fi mú un. Ẹ ò lè sọ pé mi ò ronú sí i. Lọ́jọ́ kejì, akọ̀ròyìn jókòó, ó fi aṣọ há ọrùn, ó gbé kálámù méjì kalẹ̀. Nínú ilé ìdáná, àbẹ́là yọ́. Ọbẹ̀ dà sórí iná, iná kú, èéfín gba gbogbo ilé, akọ̀ròyìn sá jáde, ó ń wúkọ́, ó sì yà sọ́dọ̀ mi. Mo bu ọbẹ̀ fún un, èyí tí ìyókù inú ìkòkò tó yá lọ́wọ́ mi lánàá wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń lá síbí, mo ń gbọ́ ohùn Ìyá Ṣókí látojú fèrèsé: “Ìkòkò tí o fi ń fẹ́ mi nìyí?” Látọjọ́ tí mo ti ń gbọ́ wọn, “ẹ” ló ń bá ọkùnrin yẹn sọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ “o”. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ajórin ti kó irin rẹ̀ kúrò ní ìlú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, Ìyá Ṣókí ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọbẹ̀ mi padà sí omi ata tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwé ìròyìn ti wà lára ògiri, ahọ́n èèyàn sì mọ ìwé kà.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí ni mo sọ ọ́ ní Àbámẹ́ta tó kọjá, níwájú ògiri, kí wọ́n tó ṣí aṣọ. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé ọbẹ̀ mi lòun ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tóun gbà láti fẹ́ ọkọ òun. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ti sọ pé òun máa ń yí ọkọ̀ padà pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀ nítorí abọ́ kan. Ni mo bá dìde, mo jẹ́wọ́, ìyàwó mi ń fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn. Nígbà tí mo parí, arúgbó kan dìde lẹ́yìn èrò. Ajórin ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti padà sílùú.

“Ó wá jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló jẹ̀bi,” ó ní.

Ìyá Ṣókí yíjú sí i, ó ní, “Kì í ṣe ọwọ́ yín.”

Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, síbí jábọ́ lápò mi. Mo bẹ Ìyá Ṣókí, mo bẹ ajórin, mo sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ pé ohun rere tí o rí lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ, bi í léèrè, tí kò bá sọ, fi í sílẹ̀. Má mú ìṣó. Ìyá Ṣókí ní, “Ẹ dìde. Ó ti tán.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ajórin ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀. Alákòóso ilé ìkàwé nu ojú, ó ní àwọn máa yí orúkọ orí pátákó padà kó lè jẹ́ ti Ìyá Ṣókí, ó wá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí i lẹ́nu: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kó má baà ṣègbé, kí lẹ fi ń se ọbẹ̀ yẹn?”

Gbogbo wa sún mọ́ ọn. Mo ti gbé síbí dání.

“Ọbẹ̀ wo?” ó ní. “Omi tí mo fi ń ha ìsàlẹ̀ inú àwọn ìkòkò mi ni. Ọ̀gá ló ní kó má bọ̀ lófìfo.”