Gbólóhùn Tí Ó Fẹ́rẹ̀ Hú Ìyá Mi Jáde

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e ga: Ògo fún Ọba tí ń gbèjà alààyè, tí ń gbèjà òkú!

Ilé bàbá mi, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ni mo tà. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, àwọn ọmọ sì ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Moniya. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan ni ó rà á. Wọ́n ní kí n pe lọ́yà láti kọ ìwé. Èmi, tíṣà èdè Yorùbá! Mo ní kò sí ẹni tí yóò bá mi kọ̀wé. Mo kọ ọ́ kí ó lè dùn létí: “Mo ta ilé yìí, láti òrùlé dé ilẹ̀, àti gbogbo ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.” Mo fọwọ́ sí i.

Ará, mo ṣìṣe!

N kò tíì kẹ́rù tán tí ọkùnrin náà fi kó àwọn awalẹ̀ dé. Àṣé ó ti rí òkúta iyebíye nínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Ó nàka sí iyàrá àárín, ó ní abẹ́ rẹ̀ ni òkúta náà gbà lọ. “Ibí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la.”

Abẹ́ iyàrá yẹn ni a sin ìyá mi sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ń bẹ níbẹ̀!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́? Àbí Màámà kò sí lára ‘gbogbo ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀’ ni?”

Oúnjẹ kọ̀ lẹ́nu mi. Àbúrò mi obìnrin bú sẹ́kún: “Ẹ̀gbọ́n mi, gègé ìkọ̀wé yín ló ta Ìyá wa!” Mo wólẹ̀: Olúwa, má jẹ́ kí n di ọmọ tí ó ta ìyá rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, àbúrò mi fà mí lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ohun àlùmọ́ọ́nì. Obìnrin tí a bá níbẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ le.

“Bàbá, ta ló fún yín ní òkúta abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ fi tà á?”

Mo rò pé ẹ̀wọ̀n ti dé.

“Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, sà. Ilé nìkan lẹ ní. Ẹ kò lè ta ohun tí kì í ṣe tiyín, òun náà kò sì rà á. Láìsí ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ wa nǹkan kan níbẹ̀.”

Halelúyà! Ohun tí n kò ní ni ó gbà mí!

Ó fi òṣìṣẹ́ méjì tẹ̀ lé wa. Yé è! Nígbà tí a dé, wọ́n ti fọ́ sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà iyàrá náà. Ọ̀kan nínú àwọn awalẹ̀ sì ti gbé dígà sókè. “Ẹ dúró!” ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà kígbe. Ó dúró. Ọkùnrin náà kùn pé, “Kí ni mo fẹ́ fi ilé lásán ṣe?” Mo dá owó rẹ̀ padà, a sì fa ìwé náà ya lójú gbogbo wọn.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo tún dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ilé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni abẹ́ rẹ̀, kí ìgbéraga má bàa kọ̀wé fún yín. Ìwọ tí àyà rẹ ń já lónìí, dìde, lọ bèèrè. Ọlọ́run lè ti fi ìdáhùn sí ẹnu ẹni tí o kò mọ̀ rí. Èmi kò lọ sí Moniya mọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi po sìmẹ́ǹtì, tí mo fi dí ibi tí wọ́n fọ́ lẹ́nu ọ̀nà náà, tí mo sì ń wí pé, “Ìyá mi, ẹ dárí jì mí.”